Ọ̀gá Fáṣínà Pín Ọkọ̀ Òkun Mẹditaréníà ní Lẹ́fẹ́ẹ̀lì-Lẹ́fẹ́ẹ̀lì

Àwọn ènìyàn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá jí láàárọ̀, kí wọ́n tó kí Ọlọ́run, ara wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Olúṣẹ̀yẹ Fáṣínà. Nínú ilé rẹ̀ ní Festac, dígí gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá. Iwájú dígí yìí ló máa ń dúró sí láràárọ̀ tí yóò tún táì rẹ̀ ṣe, tí yóò mi orí díẹ̀, tí yóò sì wí fún ẹni tó wà nínú dígí pé, "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá." Ẹni inú dígí kò dá a lóhùn rí, ṣùgbọ́n inú Fáṣínà a máa dùn bẹ́ẹ̀ náà, nítorí ó gbà pé ọ̀gá tòótọ́ kì í yára jẹ́ kíkí.

Ọdún kejì lẹ́yìn àjọ̀dún àṣà ńlá nì là ń sọ yìí, nígbà tí ọ̀dà ara ògiri Festac ṣì ń rùn sí ènìyàn nímú, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ilé kàn níbẹ̀ ṣì ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Bí ipò oníkálùkù bá ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n fi pín ilé fún un. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì ńlá gba ilé oníyàrá púpọ̀, lẹ́fẹ́ẹ̀lì kékeré gba kékeré. Kò sí ẹni tó bínú. Ilé ni, òjò kò pa wọ́n mọ́. Ẹ̀kọ́ tí Fáṣínà kọ́ níbẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá sáyé ló yẹ kí wọ́n máa pín bẹ́ẹ̀.

Nínú pálọ̀ rẹ̀, àga onítìmùtìmù wà fún àwọn lẹ́fẹ́ẹ̀lì òkè, àga onígi wà fún àwọn tó wà láàárín, bẹ́ńṣì sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná fún àwọn yòókù. Àlejò gbọ́dọ̀ sọ lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kó tó jókòó. Pásítọ̀ ìjọ wọn wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láti gbàdúrà fún wọn. Nígbà tí Pásítọ̀ kò ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì kankan tó lè sọ, ìdúró ló ti gbàdúrà, ìdúró náà ló ti mu omi, kó tó máa lọ.

Irú ènìyàn báyìí ni Akọ̀wé Àgbà iléeṣẹ́ wọn, Olóyè Akíntúndé, ránṣẹ́ sí lọ́jọ́ Ajé kan. Olóyè kì í sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní:

"Fáṣínà, a fẹ́ ṣe oore fún díẹ̀ nínú àwọn tó ṣe làálàá nígbà àjọ̀dún, àti àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Wọn yóò wọ bàálù dé Ítálì, ibẹ̀ ni wọn yóò ti wọ ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn káàkiri Òkun Mẹditaréníà. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà. Èyí tó tóbi jù jẹ́ ọkọ̀ aláriwo: ijó, orin, oúnjẹ tí kì í tán. Èkejì jẹ́jẹ́ ni. Ó ń yà sí àwọn ìlú àtijọ́, Róòmù, Gíríìsì, títí dé erékùṣù Mẹ́lítà. Ẹ̀kẹta kéré púpọ̀, ìgbòkun ló ní, ó dára fún tọkọtaya tó fẹ́ dá wà. Ara Festac ni ọ́. Bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ̀rọ̀, kí o mọ irú ẹni tí oníkálùkù wọn jẹ́, kí o sì fi í sínú ọkọ̀ tó bá a lára mu. Bí ó bá yọrí sí rere, a lè dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀, a ó sì nílò ẹni tí yóò jẹ́ Ọ̀gá Àgbà fún Ìrìn-Àjò Afẹ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, gbólóhùn ìkẹyìn nìkan ni Fáṣínà gbọ́. Ọ̀gá Àgbà! Ìgbákejì Olùrànlọ́wọ́ Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é láti ọdún pípẹ́ wá, orúkọ tó jẹ́ pé kí ènìyàn tó pè é tán, ẹni tó ń jẹ́ ẹ ti kọjá lọ. Ọ̀gá Àgbà ní mọ́tò ìjọba. Ọ̀gá Àgbà ní dírẹ́bà tí yóò máa ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ọkàn rẹ̀ ti wọ mọ́tò náà, ó ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lẹ́yìn.

"Ṣé o mọ òkun náà?" ni Olóyè bi í.

"Olóyè, ṣé a ń bi ẹja bóyá ó mọ omi ni?" ni Fáṣínà dáhùn.

Ó yẹ kí a jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà láàárín Fáṣínà àti Òkun Mẹditaréníà. Ìjọba rán an lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà kan rí. Bàálù ló gbé e lọ, bàálù ló gbé e bọ̀. Nígbà tó ń bọ̀, ó ta jí láàárín oorun méjì, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí ohun aláwọ̀ búlúù kan nísàlẹ̀, ó sì bi arábìnrin tó ń pín oúnjẹ pé kí nìyẹn. Arábìnrin náà ní Òkun Mẹditaréníà ni. Fáṣínà ní, "Ẹn hẹn," ó sì padà sídìí oorun rẹ̀. Gbogbo ojúlùmọ̀ wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí òjò bá fẹ́ rọ̀ ní Festac, yóò gbójú sókè, yóò ní, "Báyìí gẹ́lẹ́ ló máa ń ṣú lójú Mẹditaréníà."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó pe àwọn tí ọ̀ràn kàn jọ sí pálọ̀ rẹ̀. Tàjúdéènì, akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì rẹ̀, ti dé láti Agboju kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Iṣẹ́ Tàjúdéènì ni kí ó máa gbà. Bí Fáṣínà bá sín, Tàjúdéènì á ní òun kò tíì gbọ́ sísín tó ní làákàyè tó bẹ́ẹ̀ rí.

Fáṣínà dìde, ó fi àtàǹpàkò há àyà kóòtù rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn Festac! Ẹ̀yin tí orí yín gbé yín pàdé mi! Òkun Mẹditaréníà kì í ṣe ọ̀sà ẹ̀yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni kàn lè ti ẹsẹ̀ bọ̀. Òkun tó kàwé ni! Nígbà tí mo wo òkun náà, tí òkun náà wo èmi náà, ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ó rọlẹ̀."

"Ó gbọ́dọ̀ rọlẹ̀, sà!" ni Tàjúdéènì wí. "Ta ni yóò rí yín tí kò ní rọlẹ̀?"

"Ìjọba ní kí n wo irú ẹni tí oníkálùkù yín jẹ́. Mo ti wò ó. Irú ènìyàn kan kò sí láyé ju lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ńlá fún lẹ́fẹ́ẹ̀lì ńlá, ti àárín fún ti àárín, kékeré fún kékeré. Ẹni tí kò bá ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì, bí ìyàwó ilé, a ó kọ ọ́ mọ́ ẹrù ẹni tó ní. Ṣé mo ṣì í sọ?"

"Ẹ kò ṣì í sọ rí, sà!"

Ó bẹ̀rẹ̀ lórí Màmá Rosaline, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì. Àga onítìmùtìmù ni Màmá jókòó sí. Ohùn wọn kò ga ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ létí ọmọ tó ń sùn.

"Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà," ni wọ́n wí, "ariwo wọ́ọ̀dù tí mo gbọ́ láyé mi ti tó. Ohun tó wù mí ni kí n rí Mẹ́lítà tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù mímọ́ ti fọ́. Mo fẹ́ jókòó síbẹ̀, kí n wo omi, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀."

"Lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo lẹ fi fẹ̀yìn tì, Màmá?"

"Ìkẹrìnlá."

"Ìkẹrìnlá! Ọkọ̀ ńlá ni tiyín!"

"Èyí tí wọ́n ti ń jó mọ́jú?"

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn Òyìnbó máa sọ pé a kó lẹ́fẹ́ẹ̀lì kẹrìnlá sínú ọkọ̀ tí kò ní ìlù? Ẹ̀tẹ́ orílẹ̀-èdè nìyẹn!"

Màmá Rosaline tún gèlè wọn ṣe. "Ó dára," ni wọ́n wí. "Ẹ ṣeun."

Ẹ̀yin náà mọ "ó dára" wa yìí. Kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni." Ilẹ̀kùn tí a rọra tì kó má baà dún ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í wo ojú ọ̀gá kó ní irọ́ ni. Yóò ní ó dára, yóò kí i pé ó ṣeun, yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ohun tó wà níkùn rẹ̀. Gbogbo ènìyàn tó ń gbọ́ Yorùbá ló mọ èyí, àfi àwọn tó ti wà nípò ọ̀gá pẹ́.

Ó kan Owólabí àti ìyàwó rẹ̀, Ẹ̀bùnlọlá. Àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn ni, wọn kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó láìfi èjìká kan ara wọn. Owólabí jẹ́ akọ̀wé nílé ìṣúra, ìyàwó rẹ̀ sì ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì mìíràn.

"Owólabí, lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ?"

"Ìkẹjọ, sà."

"Ọkọ̀ àárín. Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ìkẹrin, sà," ni Ẹ̀bùnlọlá fúnra rẹ̀ dáhùn.

"Ọkọ̀ kékeré. Ó tán."

Èjìká méjèèjì yà kúrò lára ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà," ni Owólabí wí, "tọkọtaya ni wá."

"Ṣé mo ní ẹ kì í ṣe tọkọtaya ni? Òkun kan náà lẹ ó wà! Bí ó bá sún mọ́ yín, ẹ juwọ́ sí ara yín."

Ẹ̀bùnlọlá kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ ní ẹni tí kò ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì yóò bá ẹrù ẹni tó ní lọ. Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ni, kí n lè di ẹrù ọkọ mi?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ńṣì. Fọláyan ni, dírẹ́bà tó ń gbé ní Alákijà, ọkùnrin gìrìwò kan tó jẹ́ pé bí ó bá rẹ́rìn-ín, ife á máa mì lórí tábìlì. Fọláyan fẹ́ràn oúnjẹ, ó fẹ́ràn ijó, kò sì sí ohun tó bà á lẹ́rù bí ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́.

"Fọláyan! Lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ?"

"Ìkẹta, ọ̀gá. Èmi àti ẹsẹ̀ bàtà mi la jọ wà níbẹ̀."

"Ọkọ̀ kékeré."

Fọláyan gbà á láìrò. Ìgbà tó yá ni ó yíjú, tó rí Ẹ̀bùnlọlá, tó sì rí ojú tí Owólabí fi ń wo òun. "Ọ̀gá," ni ó wí, "ọkọ̀ kékeré yẹn, ṣé kì í ṣe òun lẹ ní ó wà fún àwọn tó fẹ́ dá wà? Ìyàwó Bọ̀dá Owólabí ni ẹ ń kó èmi tì yìí o!"

"Èmi kọ́ ni mo kó yín. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì ló kó yín."

"Lẹ́fẹ́ẹ̀lì kì í ṣìnà!" ni Tàjúdéènì fi kún un.

Gbogbo wọn ní ó dára, wọ́n ní ẹ ṣeun, sà, wọ́n dìde. Wọn kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kí ariwo tó sọ, Owólabí ń wí pé bí òun bá gbọ́ pé Fọláyan rẹ́rìn-ín lójú òkun, òun yóò lúwẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Fáṣínà ti pa ilẹ̀kùn dé, ó sì wí fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́?"

Bernice, ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni, nítorí ọkọ rẹ̀ ti ń fi tàwọn méjèèjì ṣòfò.

"Bàbá Bíọ́dún," ni ó wí, "ẹ mú ìyàwó oníyàwó, ẹ fi sínú ọkọ̀ olólùfẹ́ pẹ̀lú dírẹ́bà. Ẹ mú ọkọ rẹ̀, ẹ ní kó máa lọ wo òkúta ní Róòmù. Ẹ tún mú Màmá Rosaline, ẹ ní kí wọ́n lọ máa jó. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́, kó tó di pé Olóyè bi wọ́n."

"Wọ́n ní ó dára, Bernice. Gbogbo ilé ló gbọ́."

"Èmi náà gbọ́ ọ. Inú ọkọ̀ wo lẹ fi èmi sí?"

"Ìwọ? O kò ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Mo kọ ọ́ mọ́ ẹrù mi."

"Ẹrù?"

"Ẹrù pàtàkì ni."

Bernice mú ṣíṣọ́ọ̀sì rẹ̀, ó padà sídìí aṣọ tó ń gé. "Ó dára," ni ó wí.

Tàjúdéènì ló gbé ọ̀rọ̀ ìdánrawò kalẹ̀. Ó ní ọgbọ́n tó pọ̀ báyìí kò yẹ kó wà nínú pálọ̀ nìkan; ó yẹ kí Akọ̀wé Àgbà fi ojú ara rẹ̀ rí i lójú omi. Fáṣínà ní òun gan-an ló ti rò ó tẹ́lẹ̀. Tàjúdéènì ní òun mọ̀, òun kàn gbà á lẹ́nu ọ̀gá ni.

Ni wọ́n bá háyà ọkọ̀ akérò kan lójú ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Àmùwò, lọ́wọ́ Àmúsà ọlọ́kọ̀. Fáṣínà fi okùn pín inú ọkọ̀ kan ṣoṣo náà sí mẹ́ta, ó ní ọkọ̀ mẹ́ta ló dà yẹn. Iwájú ni ọkọ̀ ńlá, àárín ni ti àárín, ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń rú èéfín ni ọkọ̀ àwọn olólùfẹ́. Ibi ìkẹ́rùsí wà lẹ́yìn pátápátá. Ibẹ̀ ni Bernice yóò jókòó. Fáṣínà lọ rán aṣọ funfun kan ní Agboju, tó ní bọ́tìnnì wúrà títí dé ọrùn, ó sì ra fìlà balógun ojú omi tí ó tóbi fún un débi pé etí rẹ̀ ló gbé e dúró.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù ni ìkíni. Ó ní bí ọkọ̀ Olóyè bá ti yọ lápá ọ̀tún, tí òun bá fun fèrè, kí gbogbo ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo obìnrin kúnlẹ̀, kí wọ́n kọjú sí Olóyè, kí wọ́n sì pariwo pé, "Kábíyèsí ìrìn-àjò!" Orí pápá ni wọ́n ti fi dánra wò. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ títí koríko fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò sí ìkíni tó dára tó o.

Nígbà tí ọjọ́ pé, gbogbo wọn wá. Àwọn kan wá nítorí kò bójú mu kí wọ́n má wá. Àwọn yòókù wá nítorí wọn kò fẹ́ kí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún àwọn. Fáṣínà di èjìká Tàjúdéènì mú gírígírí nígbà tó ń wọ inú ọkọ̀. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ṣàlàyé pé bí àwọn balógun ojú omi ṣe máa ń rìn nìyẹn. Ni Tàjúdéènì náà bá ń gbọ̀n orúnkún tirẹ̀.

Wọ́n kúrò létí ọ̀sà díẹ̀, wọ́n dúró. Kò pẹ́, ọkọ̀ kékeré tó gbé Olóyè Akíntúndé yọ lápá ọ̀tún. Ọkàn Fáṣínà fò sókè. Ìdọ̀bálẹ̀ kan péré ló kù láàárín òun àti mọ́tò ìjọba. Ó gba èémí, ó sì fun fèrè.

Ohun tí kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni lórí pápá nìyí: pápá kì í yí. Kò sí Yorùbá tó gbẹ̀kọ́ tí yóò gbà kí Akọ̀wé Àgbà wí pé òun kò rí i láàárín àwọn tó ń kí òun. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì ńlá, ti àárín àti kékeré, wọ́n fo okùn, wọ́n ya sí apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dojú bolẹ̀ lórí ara wọn. Àmúsà ọlọ́kọ̀, ọmọ Àwórì tí wọ́n tọ́ dáadáa, kò jẹ́ gbà kí àwọn àlejò kí ọlọ́lá ṣáájú òun: ó fi ọwọ́ ọkọ̀ sílẹ̀, òun náà nà gbalaja sápá ọ̀tún.

Ọkọ̀ gbọ́ fèrè, òun náà dọ̀bálẹ̀.

Gbogbo wọn dà sínú ọ̀sà bí ìgbà tí wọ́n da ẹ̀wà sínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n omi kò jìn níbẹ̀. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹrẹ̀ títí dé itan, wọ́n ń nu ojú, wọ́n ń wá bàtà. Owólabí ti gbé ìyàwó rẹ̀ dání. Kò béèrè lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dìde. Balógun ojú omi ni. Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀ nínú omi, ó ń fi tọwọ́ tẹsẹ̀ lu omi, ó sì ń ké débi pé wọ́n ń gbọ́ ọ lókè odò:

"Ẹ gbà mí o! Mo kú o! N kò wọ ọkọ̀ omi rí! Bàálù ni mo wọ̀! Mo ń sùn ni! Ojú fèrèsé ni mo ti rí i, Olúwa, ojú fèrèsé ni!"

Bernice wọ́ omi lọ bá a. "Bàbá Bíọ́dún, ẹ dìde dúró."

"N kò lè dúró! Kò nísàlẹ̀!"

"Ẹ dìde. Itan ni omi dé."

Fáṣínà na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ewé omi lórí, bọ́tìnnì wúrà ti já kù mẹ́ta, fìlà rẹ̀ sì ń wọ́ lọ lójú ọ̀sà ní apá Badagry. Níwájú rẹ̀ gan-an, Olóyè Akíntúndé dúró nínú ọkọ̀ kékeré tirẹ̀, omi kò ta sí i lára. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

"Kábíyèsí ìrìn-àjò," ni Fáṣínà wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti adìẹ tí òjò pa.

Màmá Rosaline ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Màmá olóhùn jẹ́jẹ́! Wọ́n di apá Fọláyan mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. Ni ti Fọláyan náà bá bú jáde, àwọn ẹyẹ sì fò kúrò lórí igi.

Nígbà tí wọ́n dé èbúté, wọ́n tẹ́ ẹní fún Olóyè, wọ́n sì gbé ẹ̀pà síwájú rẹ̀. Olóyè kò bínú. Ó kàn yíjú sí Màmá Rosaline, ó bi wọ́n ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi wọ́n.

"Màmá, ọkọ̀ wo ló wù yín?"

"Ọkọ̀ jẹ́jẹ́ tó ń lọ sí Mẹ́lítà, Olóyè. Èyí tí kò ní ijó."

"Owólabí?"

"Kékeré, sà. Èmi àti ìyàwó mi. Àwa méjì péré o, sà."

"Fọláyan?"

"Ibi tí oúnjẹ kì í tán, Olóyè! Kí wọ́n sì jẹ́ kí ìlù dún!"

Bẹ́ẹ̀ ló bi gbogbo wọn. Nítorí pé ẹni tó bá ti ṣubú sínú ẹrẹ̀ níwájú ọ̀gá kò tún ní ìtìjú mìíràn tó fi ń pamọ́, kò sí ẹni tó ní ó dára. Wọ́n sọ ohun tó wà níkùn wọn. Ẹ̀pà kò tíì tán nínú àwo kí gbogbo rẹ̀ tó parí, ẹnikẹ́ni kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Olóyè gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára agbádá rẹ̀. "Fáṣínà," ni ó wí, "mo wá síbí láti mọ̀ bóyá a nílò Ọ̀gá Àgbà fún Ìrìn-Àjò Afẹ́. Mo ti mọ̀. A kò nílò rẹ̀. A ó kàn máa bi wọ́n léèrè."

Bí wọ́n ṣe pa ipò kan rẹ́ nìyẹn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni jókòó sórí rẹ̀. Fáṣínà ya ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Omi díẹ̀ ló jáde.

Tàjúdéènì kò jẹ́ kí àyè náà ṣófo. Ó fò síwájú pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. "Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, Olóyè! Ó ti ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀ tipẹ́! Mo ń wò wọ́n ni!"

"Ta nìyí?"

"Tàjúdéènì ni, sà."

"Ọkọ̀ wo ló wù ọ́, Tàjúdéènì?"

"Èyí tó bá wu Olóyè, sà!"

"Ilé ló wù mí," ni Olóyè wí. "Máa lọ sílé."

Lẹ́yìn náà ni ó wo Fáṣínà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣàánú rẹ̀ díẹ̀. "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Irú arìnrìn-àjò wo ni ọ́?"

Fáṣínà wo ojú ọ̀sà. Ìgbì kékeré kan, tí kò lè ti pẹ́pẹ́yẹ, rọra wá fọwọ́ kan etí bàtà rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn.

"Olóyè," ni ó wí, "ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ́fíìsì."

Nígbà tí àkókò tó, bọ́ọ̀sì ìjọba wá kó wọn lẹ́nu géètì láti gbé wọn lọ sí pápá ọkọ̀ òfúrufú. Àwọn ẹbí ń gbàdúrà fún wọn, wọ́n ń di búrẹ́dì àti gààrí mọ́ wọn lẹ́rù, nítorí wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n ń jẹ nílẹ̀ Òyìnbó. Bernice wọ bàtà tuntun. Nígbà tí Olóyè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ létí ọ̀sà lọ́jọ́ yẹn, ó ti ní Mẹ́lítà, pẹ̀lú Màmá Rosaline, kì í sì í ṣe nínú ẹrù.

Fáṣínà wọ kóòtù wá. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ ìdágbére díẹ̀ láti sọ. Ó gun òkúta kan, ó fi àtàǹpàkò há àyà.

"Ẹ̀yin arìnrìn-àjò! Nígbà tí ẹ bá dé ojú òkun náà, ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé èmi..."

"Ó dára, sà!" ni gbogbo wọn pariwo láti inú bọ́ọ̀sì. "Ẹ ṣeun, sà!"

Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì sì ṣáná sí i.

Bernice yọrí lójú fèrèsé. Fún ìṣẹ́jú kan, Fáṣínà rò pé ó fẹ́ sọ ohun tí aya máa ń sọ fún ọkọ nígbà ìdágbére. Òjò ti ṣú lápá Alákijà.

"Bàbá Bíọ́dún!" ni ó ké. "Aṣọ wà lórí okùn! Ẹ bá mi ká a kí òjò tó dé!"

Bọ́ọ̀sì lọ. Fáṣínà wà lórí òkúta. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré sí tirẹ̀ tí yóò rán níṣẹ́. Àwọn ẹbí ti túká. Tàjúdéènì ti ń tẹ̀lé ọ̀gá mìíràn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sí ẹnikẹ́ni.

Òjò kò bi í léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀. Fáṣínà sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta, ó ká kóòtù rẹ̀ mọ́ra, ó sì sáré lọ síbi aṣọ.